Àgbá Òfìfo Tí Kò Dún

"Àgbá òfìfo ní ń dún woroworo, àpò tó kún fówó kì í dún." Báyìí ni àwọn baba wa wí, ní ìgbà tí ó jẹ́ pé ohun tí ojú wọn bá rí ni ẹnu wọn ń sọ, tí wọn kì í sì í pa òwe kan títí wọn yóò fi wo ọ̀rọ̀ níwá, kí wọ́n tún wò ó lẹ́yìn. Bí ó bá sì ṣe ti àgbá ni, kò sí àlejò tí ó lè wá kọ́ ará Ìgbájọ ní ohùn rẹ̀, nítorí pé nínú àwọn òkè tí ó yí ìlú yìí ká ni àgbá àwọn Èkìtìparapọ̀, tí wọ́n ń bá Ìbàdàn jà, ti ké nígbà tí àwọn ọmọ ogun Ìbàdàn pàgọ́ sí Ìgbájọ, tí Ààrẹ Látòósà jẹ́ olórí wọn, tí ariwo àgbá náà, bí ó ti ń ṣe kírìjì láti òkè dé òkè, sì di orúkọ ogun ọ̀hún títí di òní olónìí. Ogun tí ó bẹ̀rẹ̀ ní 1877 ni, tí Ààrẹ fúnra rẹ̀ kú sí àgọ́ ní 1885, tí a kò sì fọwọ́ sí ìwé àlàáfíà lórí rẹ̀ títí di ọjọ́ 23 oṣù Kẹsàn-án ọdún 1886. Ìlú tí ó gba irú ohùn bẹ́ẹ̀ létí fún ọdún mélòó kan mọ àgbá ní àmọ̀dunjú. Síbẹ̀, bí àwọn baba wa bá dìde lónìí, wọn yóò bá àgbá kan pàdé láyé tí inú rẹ̀ ṣófo láti ẹnu dé ìdí, tí kò sì dún pìnpìn. Wọn yóò sì bá òmíràn tí dígí kún inú rẹ̀ bámúbámú, tí ariwo rẹ̀ kò jẹ́ kí ará àdúgbò sùn.

Ẹ jẹ́ kí n fi ẹni tí mo ń bá wí hàn yín. Kò ní orúkọ, nítorí pé orúkọ rẹ̀ ti pọ̀ jù: ó wà ní Ìgbájọ, ó wà ní Òtan Ayégbajú, ó wà ní Ìrèé, ní Òṣogbo ni kò sì níye. Ó ti Èkó wálé fún ọdún Kérésìmesì, ó gbé àpótí dígí ńlá kan kalẹ̀ ní pálọ̀, ó da omi sí i, ó ri koríko oníke mọ́ ìsàlẹ̀ rẹ̀, ó sì kó ẹja pupa tí ìran wọn ti ilẹ̀ Ṣáínà ṣẹ̀ wá sínú rẹ̀. Ẹja náà kò ṣe é jẹ, a kò sì fi tọrọ nǹkan lọ́wọ́ òrìṣà kankan. Ó ní òun fẹ́ máa ya ojú wọn ni. Ojú ẹja ni mo wí, n kò wí ẹja, nítorí pé ó ti rí i nínú fóònù rẹ̀ bí àwọn òyìnbó ti ń ya ẹyinjú ẹja tí yóò tóbi bí òṣùpá àrànmọ́jú, tí a ó máa ka ìpẹ́ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ọkàn rẹ̀ kò sì balẹ̀ mọ́ láti ọjọ́ náà.

Báyìí ni ó ṣe lọ ra lẹ́ńsì. Kì í ṣe lẹ́ńsì lásán. Èyí tí a dìídì ṣe fún ohun wínníwínní ni, tí owó rẹ̀ jẹ́ owó tí ẹlòmíràn fi ń ra ọ̀kadà tí yóò máa fi bọ́ ìyàwó àti ọmọ. Nígbà tí lẹ́ńsì dé, kò sí ẹni tí kò gbọ́. Ó gbé e kọ́rùn lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, ó gbé e kọ́rùn lọ sí ibi òkú àgbà kan, ó gbé e kọ́rùn dé ilé epo níbi tí kò sí ẹja kankan àfi àwọn tí wọ́n tò sórí ìlà. Àwọn tí ẹnu wọn dùn bẹ̀rẹ̀ sí í kì í: Ọkọ Dígí, Agbé-mílíọ̀nù-kọ́rùn-yan-fanda, Awẹja-má-jẹ-ẹja, Ajífọjú-kan-omi bí ọmọ Yemọja, òun náà sì ń ná owó kékeré tí ó ṣẹ́ kù sí i lọ́wọ́ fún wọn. Àǹtí kan ní àdúgbò, tí kò mọ bí a ti ń fọ̀rọ̀ sábẹ́ ahọ́n, kí i pé, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú ìnáwó o. Àwòrán ẹja náà ńkọ́?" Ó dáhùn pé kí wọ́n wo lẹ́ńsì ná.

Bẹ́ẹ̀ ohun tí ó ń wá kò ju òrùka òfìfo lọ. Extension tube ni àwọn ayàwòrán ń pè é: òrùka irin tàbí ti ike, tí kò ní dígí kankan nínú, tí bí ẹ bá ti ìka bọ̀ ọ́ níhìn-ín yóò yọ lọ́hùn-ún. Àárín kámẹ́rà àti lẹ́ńsì ni a ń dè é sí, iṣẹ́ kan ṣoṣo ni ó sì mọ̀, èyíinì ni láti ti lẹ́ńsì jìnnà sí ibi tí kámẹ́rà ti ń gba àwòrán. Bí lẹ́ńsì bá sì ti jìnnà síbẹ̀ tó ni yóò ṣe lè sún mọ́ ohun tí ó ń wò tó, tí ohun kékeré yóò sì fi di ńlá. Ìṣirò rẹ̀ kò ju ti ọmọ ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ lọ. Ẹ mú iye mílímítà òrùka, ẹ fi iye mílímítà tí a kọ sára lẹ́ńsì pín in. Ohun tí ó bá jáde ni òrùka fi kún títóbi àwòrán. Lẹ́ńsì 50mm, tí ọ̀pọ̀ onífọ́tò òde ìyàwó ti ní nílé, bí a bá fi òrùka 50mm sí i nídìí, ẹyinjú tí ó fẹ̀ tó mílímítà márùn-ún nínú omi yóò fẹ̀ tó mílímítà márùn-ún lójú kámẹ́rà gan-an. Mẹ́ta-mẹ́ta ni a sì sábà máa ń ta àwọn òrùka náà pọ̀, 12, 20 àti 36, tí àpapọ̀ wọn jẹ́ 68, tí ó ti kọjá ohun tí Ọkọ Dígí ń wá kiri.

N kò wí pé ọ̀fẹ́ ni o. Òrùka tí kò gba owó púpọ̀ lọ́wọ́ ẹni yóò gba ìmọ́lẹ̀: nígbà tí àwòrán bá tóbi tó ohun tí a ń yà, ìdá kan nínú mẹ́rin ìmọ́lẹ̀ ni yóò ṣẹ́ kù. Ibi tí yóò sì mú kedere kò ní í nípọn ju nǹkan bí mílímítà kan lọ, àní bí a bá dín ihò lẹ́ńsì kù dé f/8, bí ẹyinjú bá mú, imú ti di kùrukùru, ẹja kò sì gbọ́ èdè "dúró díẹ̀." Ṣùgbọ́n ẹ fara balẹ̀ gbọ́ èyí, nítorí òun ni kókó tí ẹni tí ń tajà kì í sọ síta: lẹ́ńsì olówó ọ̀kadà náà kò bọ́ lọ́wọ́ òfin yìí. Bí ó bá ya ẹyinjú kan náà ní títóbi kan náà, ìmọ́lẹ̀ yóò dín kù fún un, mílímítà kan rẹ̀ kò sì ní í di méjì nítorí pé olówó ni ó rà á. Ohun tí owó rẹ̀ rà, tí n kò ní í fi dù ú, ni pé a lè fi í ya ohun tí ó jìnnà láìtú nǹkan kan, pé ó ń fúnra rẹ̀ wá ibi tí yóò mú kedere, àti pé etí àwòrán rẹ̀ máa ń mọ́ ju ti àwa tálákà lọ.

Ibi tí ẹja pupa tilẹ̀ wọ ọ̀rọ̀ yìí ni ó pa mí lẹ́rìn-ín jù. Àwọn tí ń sin ẹja wẹ́wẹ́ nínú dígí ní Jámánì, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti ní Amẹ́ríkà ní ẹja kan tí wọ́n ń ṣìkẹ́, Fundulopanchax gardneri, tí onímọ̀ ẹja kan, Boulenger, fún lórúkọ nínú ìwé ìmọ̀ ní 1911. Ọmọ Nàìjíríà àti Kamẹrúùnù ni. Kò sábà ju sẹ̀ǹtímítà mẹ́fà lọ, akọ rẹ̀ sì ń dán láwọ̀ aró, tí a fi pupa wọ́n ọn lára. Orúkọ ibi tí a ti kó ìran kọ̀ọ̀kan ni wọ́n fi ń dá a mọ̀, nítorí náà ni ẹja kan ṣe ń jẹ́ "Akúrẹ́" nínú pálọ̀ àwọn tí kò mọ̀ bóyá Akúrẹ́ wà lápá òkè tàbí lápá ìsàlẹ̀, tí wọ́n sì ń di ẹyin rẹ̀ sínú ilẹ̀ tútù díẹ̀, tí wọ́n ń fi í ránṣẹ́ síra wọn nípa ilé ìfìwéránṣẹ́. Pelvicachromis pulcher ńkọ́, tí abo rẹ̀ ń pọ́n ní ikùn? Odò ìsàlẹ̀ Nàìjíríà ni ilé rẹ̀, ó sì ti di ará ilé fún àwọn olùsìn ẹja káàkiri ayé. Ọmọ wa wá lọ fi owó gidi ra ẹja ilẹ̀ Ṣáínà kí ó lè ya àwòrán tí àwọn ará Jámánì ń ya ẹja Akúrẹ́.

Ohun tí ó sì ń mú àwòrán dára kò sí lára ohun tí a ń gbé kọ́rùn rárá. Kí a nu dígí nínú àti lóde. Kí a kọjú sí i gbọnrangandan, nítorí pé bí a bá wò ó lẹ́gbẹ̀ẹ́ omi yóò ba àwòrán jẹ́. Kí a fi ẹnu rọ́bà tí ó wà níwájú lẹ́ńsì lẹ dígí, kí iná wá láti òkè omi, kí ayàwòrán wọ aṣọ dúdú, kí a sì pa iná pálọ̀ kí ojú olúwarẹ̀ má baà máa ràn nínú dígí bí egúngún tí aṣọ ṣí lórí rẹ̀. Nípa ti èyí, a dúpẹ́ lọ́wọ́ àwọn oníná, wọ́n ń bá wa pa á láìbẹ̀ wọ́n. Jẹnẹrétọ̀ ni ọ̀tá, nítorí pé bí ó bá ń gbọ̀n nítòsí ilé, omi ń gbọ̀n, ẹsẹ̀ kámẹ́rà ń gbọ̀n. Àwọn tí wọ́n mọ iṣẹ́ yìí a tún máa ti dígí pẹlẹbẹ kan bọ inú omi lẹ́yìn ẹja, kí ààyè rẹ̀ lè há, kí ó má lè sá lọ sí ọ̀nà jíjìn tí òrùka kò ní í lè bá a dé. Gíláàsì tí a gé fún irú nǹkan bẹ́ẹ̀, ọwọ́ káfíńtà tí ń ṣe fèrèsé ni ó wà.

Nítorí náà, ìdajì òwe àwọn baba wa ni ó yẹ̀ lójú wa: àgbá òfìfo ń ṣiṣẹ́ láìdún. Ìdajì kejì kò yẹ̀ rárá, àpò Ọkọ Dígí tí kò kún mọ́ ni ẹlẹ́rìí, nítorí pé láti ọjọ́ tí ó ti ṣófo ni a kò ti gbọ́ ohùn ẹlòmíràn ní àdúgbò. Mo bẹ̀ yín, bí ẹ bá pàdé rẹ̀, ẹ má bi í ní iye tí ó ra lẹ́ńsì. Àwòrán ni kí ẹ bi í.

Ẹ̀yin ọmọ Pólì Ìgbájọ àti ẹ̀yin onífọ́tò tí ẹ bá fẹ́ ra òrùka, ẹ yẹ ẹnu rẹ̀ wò kí ẹ tó sanwó. Èyí tí àwọn irin wẹ́wẹ́ tí ń dán wà ní ẹnu rẹ̀ ni kámẹ́rà fi ń bá lẹ́ńsì sọ̀rọ̀. Èyí tí kò ní i dínwó jù lọ, ṣùgbọ́n lẹ́ńsì àtijọ́ tí a ń fi ọwọ́ yí ihò rẹ̀ ni kí ẹ wá fún un, nítorí pé ọ̀pọ̀ lẹ́ńsì òde òní kì í jẹ́ kí a yí ihò wọn bí a ti fẹ́ nígbà tí wọn kò bá gbọ́ ohùn kámẹ́rà.