Afẹ́fẹ́ Wọlé, Ooru Jáde, Kí Ìyàwó Má Gbọ́

"Bàbá Onímọ̀ràn, iṣẹ́ òfì ni baba mi kọ́ mi ní Ìṣẹ́yìn, ṣùgbọ́n kọ̀ǹpútà ni mo fi ń ya àwòrán aṣọ fún àwọn oníbàárà mi tó wà ní Èkó. Fáànù inú rẹ̀ ń ké bí àgbò tí ó ti mọ̀ pé ọ̀la ni Iléyá. Ìyàwó mi ní kí n yan ọ̀kan, nínú òun àti ẹ̀rọ. Ẹ gbà mí o." — Ahunṣọ Tí Etí Ń Dùn.

Ìwọ ọmọ Ẹbẹdí, ọmọ ahunṣọ tí ń fi òwú tẹ́ẹ́rẹ́ ṣe ohun tí ọba fi ń bo ara, mo kí ọ kú ìfaradà. Ṣùgbọ́n kí n tó dá ẹjọ́ láàárín ìwọ àti aya rẹ, ó yẹ kí o mọ̀ pé èmi náà ti jẹ nínú ìyà yìí rí, nítorí ní ọdún tí mo kọ́kọ́ gbé ẹ̀rọ ayárabíàṣá wọ yàrá mi níhìn-ín ní Ṣakí, ariwo rẹ̀ pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí obìnrin kan ládùúgbò fi ru abọ́ ata wá, tí ó ní kí n bá òun lọ̀ ọ́ kúnná.

Fáànù kì í ṣàdédé pariwo. Ooru ni ń lé e eré. Iná tí ẹ̀rọ ń mu ni ó ń di ooru lórí ọpọlọ rẹ̀, bí ooru náà kò bá sì rí ọ̀nà jáde, fáànù a máa sáré kíkankíkan, títí ìgbóná yóò fi súnmọ́ 100 lórí òṣùwọ̀n Celsius, tí ẹ̀rọ náà yóò wá fúnra rẹ̀ dẹwọ́ iṣẹ́ bí àgbẹ̀ tí oòrùn ọ̀sán pa lóko ẹ̀gẹ́. Ta ni ó wá dí ọ̀nà ooru tìrẹ? Ìwọ ni. Ẹ̀rọ tí a gbé sẹ́gbẹ̀ẹ́ òfì, òwú ni ó ń mí sínú. Ọyẹ́ sì ń kó eruku lẹ́búlẹ́bú bọ̀ láti aṣálẹ̀ Sahara, láti oṣù Kọkànlá títí wọ oṣù Kejì ọdún. Àwọn méjèèjì pàdé lẹ́nu ihò àpótí ẹ̀rọ rẹ, wọ́n sì hun aṣọ tí ẹnikẹ́ni kò rán wọn, tí kì í ṣe sányán, tí kì í ṣe àlàárì, tí kò sì jọ ẹtù.

Pa ẹ̀rọ náà, yọ wáyà iná rẹ̀, kí o ṣí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, kí o lè rí fùrọ̀ adìyẹ. Búrọ́ọ̀ṣì tí a fi ń kun ilé, tí ó bá gbẹ, tó láti fi gbá eruku náà. Má gbé ẹ̀rọ náà tọ fọkanáísà lọ bí àwọn ọmọ ìwòyí ti ń ṣe, nítorí omi a máa fara pamọ́ sínú táńkì tí ó fi ń fẹ́ táyà, ẹ̀rọ rẹ kò sì bẹ̀ ọ́ pé kí o wẹ òun.

Ibi tí ìmọ̀ràn mi yóò ti bí àwọn àna rẹ nínú nìyí. Fáànù kékeré oní-mìlímítà 80 ní láti sáré àsápajúdé kí ó tó fẹ́ afẹ́fẹ́ tí oní-mìlímítà 120 ń fẹ́ nígbà tí ó ń rìn gbẹ̀rẹ̀. Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í sáà bàjẹ́. Bí o bá dín eré fáànù kù sí ìdajì, afẹ́fẹ́ rẹ̀ di ìdajì, ṣùgbọ́n ariwo rẹ̀ á lọ sílẹ̀ ní nǹkan bí désíbẹ́ẹ̀lì 15. Wá fi èkejì tó rí bákan náà kún un lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀: afẹ́fẹ́ á padà pé, ariwo kò sì ní fi ju désíbẹ́ẹ̀lì 3 lọ gbérí. Èmi tí mo dàgbà ní agboolé olórogún mẹ́rin, n kò tíì rí ibòmíràn tí a ti mú èkejì wọlé tí ilé sì túbọ̀ tòrò. Má ka ìlà yìí sétí aya rẹ.

Jẹ́ kí fáànù iwájú máa fa afẹ́fẹ́ wọlé, kí ti ẹ̀yìn máa tì í jáde. Kí wọ́n má kọjú síra bí àwọn tí ń jà nídìí ẹ̀rọ omi. Kí èyí tí ń fà lágbára díẹ̀ ju èyí tí ń tì lọ, kí afẹ́fẹ́ lè máa tú síta ní gbogbo ihò wẹ́wẹ́ ara àpótí, kí eruku má baà gba ẹ̀yìnkùlé wọlé. Ní ti asẹ́, ìbọ̀sẹ̀ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí aya rẹ fi ń lọ sí òde ìyàwó ti tó. Nà án bo ẹnu fáànù iwájú, kí o sì máa fọ̀ ọ́ lóòrèkóòrè, nítorí asẹ́ tí ó dí kò yàtọ̀ sí ògiri. Bí ó bá wá ìbọ̀sẹ̀ náà tì, sọ pé ewúrẹ́ ni. Ewúrẹ́ Ìṣẹ́yìn ti jẹ ohun tí ó ju bẹ́ẹ̀ lọ.

"Bàbá, ẹ kú iṣẹ́ o. Mo ń tẹ ìwé fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ nítòsí Pólì Ṣakí. Mo ṣí ẹ̀gbẹ́ kọ̀ǹpútà mi sílẹ̀ gbayawu, mo gbé fáànù onídùúró kọjú sí i. Lánàá ó dákú, a sì bá òkú ọmọńlé nínú rẹ̀." — Ìyá Atẹ̀wé.

Ẹ̀yin ìyá wa, ọmọ Aṣabàrí, ẹ kú àṣẹ̀yìndè ọmọńlé, aláìmoore tí kò sanwó ilé kó tó kú. Ẹ pa ẹ̀gbẹ́ náà dé. Inú àpótí tí a tì ni afẹ́fẹ́ ti ń mọ ọ̀nà tí yóò tọ̀ kọjá lórí ohun tó gbóná. Gbayawu, eruku ọjà ni ẹ ń bù fún un jẹ. Ẹ di àwọn wáyà inú rẹ̀ ní ìdì kan, kí ẹ sì fa ẹ̀rọ náà kúrò lára ògiri. Bí ó bá ṣì ń kùn díẹ̀, ẹ jẹ́ kó máa kùn. Nígbà tí akẹ́kọ̀ọ́ tó jẹ yín lówó bá wọlé, ẹ ní owó rẹ̀ ni ẹ̀rọ ń béèrè.

Ẹnìkan kọ̀wé láti Ìgbòho pé òun ti já wáyà gbogbo fáànù, ilé sì ti dákẹ́ rọ́rọ́. Mo bá a yọ̀. Kí ó kọ̀wé sí mi lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, ṣùgbọ́n kí ó ti ra bírò sílẹ̀.