Bí Dìndìnrìn Ṣe Lè Kógun Lọ sí Niger Láìkúrò ní Mọ́kọ́lá

Ìsọ̀ oníwèé-ìròyìn ni kí o kọ́kọ́ wá. Má ra ìwé o. Ẹni tó bá rà á máa gbé e délé, ó máa kà á dé inú, inú ìwé ló sì ti máa ń bá ohun tó máa ba àríyànjiyàn rẹ̀ jẹ́. Ìwọ ká ọwọ́ sẹ́yìn, ka àkọlé iwájú nìkan, kí o wá mí kanlẹ̀ bí ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ pè láti Abuja. Bí a ti ń ṣe é ní Mọ́kọ́lá n'Íbàdàn nìyẹn. Oníwèé á máa pariwo pé, "Ẹ fojú kà á o, ẹ má fọwọ́ kà á!" Má dá a lóhùn. Kò mọ ọ̀rọ̀ òkèèrè.

Ọ̀rọ̀ Niger ni ká fi kọ́ṣẹ́, torí ibẹ̀ ni iṣẹ́ wa ti dán jù. Ní ọjọ́ 26 oṣù keje ọdún 2023, àwọn ṣọ́jà tó yẹ kó máa ṣọ́ Ààrẹ Mohamed Bazoum ní Niamey tì í mọ́lé. Ọ̀gá wọn, Abdourahamane Tchiani, gorí àga. Lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́rin, àwọn olórí ECOWAS pé jọ sí Abuja, Bọ́lá Tinúbú ni alága wọn, wọ́n sì fún àwọn ṣọ́jà náà ní ọjọ́ méje: ẹ dá Bazoum padà, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ a lè lo ipá. Dìndìnrìn tó mọṣẹ́ kì í dúró de ọjọ́ kejì. Ní ìsọ̀ tiwa, a ti gba Niamey kí oníbọ̀ọ̀lì tó yí bọ̀ọ̀lì àkọ́kọ́ padà lórí iná.

Ẹ̀gbọ́n kan tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba ni ọ̀gágun wa. Ó gbé òkúta tí oníwèé fi tẹ ìwé mọ́lẹ̀, ó gbé e sórí àpótí. Ó ní, "Niamey rèé." Ó yọ pákò lẹ́nu, ó dá a dábùú: "Odò Ọya rèé." Ó to ẹ̀pà mẹ́ta, ó ní bàálù wa nìyẹn. Bàálù méjì ju bọ́ǹbù. Ó jẹ ẹ̀kẹta.

Kíyè sí i pé kò wo máàpù. Bí o bá wo máàpù, iṣẹ́ ti bàjẹ́, wàá rí i pé ìpínlẹ̀ méje ní Nàìjíríà ló bá Niger pààlà, láti Kẹ́bbí títí dé Bọ̀rnò, ilẹ̀ tó tó nǹkan bí 1,500 kìlómítà. Àwọn tó wà níbẹ̀ ń fẹ́ ara wọn, wọ́n ń bá ara wọn ná ọjà. Ẹnì kan á wà ní Katsina, àbúrò ìyá rẹ̀ á wà ní Maradi. Ogun tí ìwọ ń pè ní ti òkèèrè, ẹ̀yìnkùlé wọn ni. Nígbà tí Tinúbú kọ̀wé sí Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin Àgbà lórí ọ̀rọ̀ yìí, ọ̀rọ̀ sùúrù ni wọ́n fi dá a lóhùn ní ọjọ́ 5 oṣù kẹjọ. Àwọn tí ìbọn máa dún sí létí kò fẹ́ ìbọn. Ìyẹn ló bí wa nínú ní Mọ́kọ́lá.

Nàìjíríà gé iná mànàmáná tó ń lọ sí Niger, a sì hó yèè. Inú òkùnkùn la wà tí a ti ń hó. Má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni rán ọ létí pé omi Ọya tó ń yí ẹ̀rọ Kainji, inú Niger ló gbà wá. Má sì bèèrè ibi tí àgbò iléyá tí o jẹ ní oṣù kan ṣáájú ti wá, tàbí ta ló gbin àlùbọ́sà ọbẹ̀ rẹ. Bí ẹnì kan bá sọ pé Niger kan wà tí Minna jẹ́ olú-ìlú rẹ̀, bi í pé èwo la máa kọ́kọ́ gbà.

Ìhà wo lo máa gbè? Kò le. Rántí ẹni tí o dìbò fún ní ọjọ́ 25 oṣù kejì ọdún yẹn. Bó bá jẹ́ Tinúbú, Niger gbọ́dọ̀ jóná nítorí ìjọba àwa-ara-wa. Bó bá jẹ́ ẹlòmíì, akọni ni Tchiani, ó máa lé Faransé lọ. Ọ̀rọ̀ ìdí àpótí ìbò la gbé wọ aṣọ òkèèrè. Èmi náà ṣe é: mò ń bú Tchiani, aládùúgbò mi tó fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ lọ́jọ́ ìbò ni mò ń wò lójú. Bazoum tó wà ní àtìmọ́lé, kò sẹ́ni tó bèèrè bóyá ó ti jẹun.

Àwòkọ́ṣe burúkú kan wà tí o gbọ́dọ̀ sá fún. Ní oṣù kọkànlá ọdún 1960, òmìnira kò tíì pé oṣù méjì, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Yunifásítì Kọ́lẹ́ẹ̀jì Ìbàdàn gbéra lọ sí Èkó, wọ́n lọ ko àwọn aṣòfin lójú nítorí àdéhùn ààbò tí ìjọba Tafawa Balewa fẹ́ bá Gẹ̀ẹ́sì ṣe. Àdéhùn kan pàtó ni wọ́n bá jà, wọ́n sì mọ ilé tó yẹ kí wọ́n gbé e lọ. Kí oṣù kìíní ọdún 1962 tó parí, wọ́n ti wọ́gi lé e. Wo irú wàhálà bẹ́ẹ̀! Láti ìsọ̀ tiwa, ìlú kan náà ni, àwọn yẹn kò kàn mọ bí a ṣe ń dúró sójú kan.

Niger, Mali àti Burkina Faso ti jáde kúrò nínú ECOWAS pátápátá ní ọjọ́ 29 oṣù kìíní ọdún 2025. Ní ìsọ̀, a kò gbọ́. A ti kọjá sí Ukraine.

Àmọ́ ní ọjọ́ ẹ̀pà yẹn, bí ọ̀gágun wa ti ń ṣètò ẹni tí a máa fi jẹ gómìnà Niamey, òjò ṣú, atẹ́gùn dé, ìwé-ìròyìn bẹ̀rẹ̀ sí í fò gba títì lọ. Oníwèé sáré lé méjì, ó bojú wẹ̀yìn. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ dákun, ẹ bá mi gbé Niamey wá kíá!"