Oníṣirò Ẹ̀sìn

Bí ẹ bá fẹ́ rí i, ẹ lọ sídìí oníwèé ìròyìn ní Òkèsà, níhìn-ín ní Iléṣà, láàárọ̀ ọjọ́ kejì tí gómìnà bá fi orúkọ àwọn kọmíṣánnà ránṣẹ́ sílé ìgbìmọ̀ aṣòfin ní Òṣogbo. Ẹ ó bá a lórí bẹ́ǹṣì, ó ti ti fìlà sẹ́yìn, ó gbé ìwé ìròyìn tí kò rà lé orúnkún. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń rí i níbẹ̀, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni mo rí i kó náwó sídìí àtẹ yẹn. Bíró nìkan ni tirẹ̀. Oníwèé ti bẹ̀ ẹ́ títí pé kó má kọ nǹkan sára ọjà òun mọ́. Ó ní, "Ìwọ ọmọ yìí, ọ̀rọ̀ ìlú là ń sọ, o ń sọ̀rọ̀ bébà."

Olóyè G. la ó máa pè é. Lẹ́tà kan ṣoṣo yẹn náà ló wà ṣáájú orúkọ bàbá rẹ̀ lórí káàdì tó máa ń pín, ó sì nídìí tó fi rí bẹ́ẹ̀. Kí ẹnikẹ́ni má wò mí lójú pé ta ni mò ń bá wí o. Irú rẹ̀ pọ̀ láti Ìsọ̀kun títí dé Ìmọ̀, wọ́n wà ní Òṣogbo, wọ́n wà ní Ìwó, Àbújá sì kún fún wọn bámúbámú.

Iṣẹ́ tó ń ṣe nìyí. Ó ń ka orúkọ láti òkè wá sílẹ̀. Bó bá kan Sámúẹ́lì, yóò fa àgbélébùú kékeré kan sí i lẹ́gbẹ̀ẹ́, wéré, bí ẹni tó ń buwọ́ lu ìwé ilẹ̀ tirẹ̀. Bó bá kan Kàmọ́rù, yóò ya òṣùpá, ṣùgbọ́n òṣùpá rẹ̀ kì í jọ òṣùpá, ìwọ̀ tí wọ́n fi ń pẹja ló máa ń jọ. Títí dé ibẹ̀, kò sí wàhálà. Ilẹ̀ Yorùbá fúnra rẹ̀ ló ń fìyà jẹ ẹ́, nítorí òbí ń sọ ọmọ ní Ayọ̀délé láì ro ti Olóyè G. mọ́ ọn. Kí ni Ayọ̀délé? Kí ni Adéwálé? Ẹni tó ń jẹ́ Fáṣọlá, tí Ifá jókòó gbagidi síwájú orúkọ rẹ̀, ṣé ọmọ pásítọ̀ ni àbí ọmọ lèmọ́mù? Bíró á dúró lókè. Olóyè á fajú ro. Á yọ fóònù.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ káàárọ̀ sà. Ẹ dákun, Ayọ̀délé tí wọ́n mú láti ọ̀dọ̀ yín yẹn, kí ni orúkọ rẹ̀ kejì? Kò ní? Ó dáa. Màmá rẹ̀ ńkọ́? Wọ́n ti papò dà? Háà, Ọlọ́run á tẹ́ wọn sáfẹ́fẹ́ rere. Ẹ̀gbọ́n, inú pósí ni wọ́n gbé wọn sí ni, àbí aṣọ funfun ni wọ́n fi wé wọn?"

Etí mi báyìí ló gbọ́ ọ. Obìnrin kan gbé ayé, ó bímọ, ó kú. Olóyè G. kò béèrè iṣẹ́ tó ṣe, kò béèrè bóyá ọmọ tó bí ní làákàyè. Ohun tó fẹ́ mọ̀ ni bóyá ọjọ́ tó kú náà ni wọ́n sin ín, àbí wọ́n kọ́kọ́ gbé e sí mọ́ṣúárì kí ẹbí tó ra aṣọ òkú. Bí wọ́n bá ní ọjọ́ kan náà, ìwọ̀ ẹja dé nìyẹn. Bí wọ́n bá ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, àgbélébùú. Mo mọ̀ pé ó yẹ kí n fi irú nǹkan báyìí rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín kì í wá. Ìwà ìdọ̀tí ni.

Lẹ́yìn náà ni yóò ka àwọn àmì rẹ̀ pọ̀, ìka á máa tẹ̀ lé e, yóò tún un kà láti ìsàlẹ̀ lọ sókè bí akọ̀wé báńkì tí owó rẹ̀ kò pé, yóò wá mí kanlẹ̀.

"Ẹ rí i? Mẹ́sàn-án sí méje."

Bí ẹ bá bi í pé èwo nínú àwọn mẹ́rìndínlógún náà ló mọ iṣẹ́ ọ̀nà, èwo ló mọ ti ìlera, ẹ ti di ọ̀tá. Èsì rẹ̀ kan náà ni, ó ti wà létè kí ẹ tó dé: "Èmi kò bá ẹ̀sìn kankan jà o. Ìdọ́gba ni mò ń wá."

Ìdọ́gba! Mo ti gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí lẹ́nu rẹ̀ títí ó fi ń rùn sí mi. Ọkùnrin tí kì í fún ayálégbé ní rìsíìtì, tó ń jẹ omitooro ọbẹ̀ àti ẹran inú rẹ̀ kí ọmọ tó fọwọ́ kan iyán, ìdọ́gba ló ń wá. Nàìjíríà ní àjọ ìjọba kan tó ń bójú tó ìrìn àjò Hájì, ó ní òmíràn tó ń bójú tó ti àwọn Onígbàgbọ́ tó ń lọ sí Jerúsálẹ́mù. Olóyè kò rí ohun tó burú nínú kí ìjọba ìpínlẹ̀ tí ilé ìwòsàn rẹ̀ kò ní oògùn máa ran ènìyàn lọ wá Ọlọ́run lókèèrè. Bí iye tó wọ bàálù kejì bá dín sí ti àkọ́kọ́ nìkan ni yóò pariwo.

Ó sì mọ òfin. Ó ní ọ̀rọ̀ Ṣàríà wọ inú ìwé òfin 1999 ní ìgbà 73, Jésù kò wọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀kan. Òun kọ́ ló kà á o, iye yẹn ti ń ti ẹnu bọ́ sẹ́nu ó ti pẹ́. Abala 10 tó kúrú débi pé ọmọ iléèwé lè há a sórí, tó ní ìjọba àpapọ̀ tàbí ti ìpínlẹ̀ kò gbọdọ̀ sọ ẹ̀sìn kankan di ẹ̀sìn ìjọba, kò kà á débẹ̀. Gómìnà Ahmed Sani náà kò kà á débẹ̀ lọ́dún 1999 nígbà tó kéde Ṣàríà ní Zamfara, bẹ́ẹ̀ ni ìpínlẹ̀ mọ́kànlá tó tẹ̀ lé e. Abala 14 tó ní ààbò àti ìgbáyégbádùn ará ìlú ni olórí iṣẹ́ ìjọba ńkọ́? Kò sí orúkọ ènìyàn níbẹ̀ tó lè ya àmì sí.

Ọtí Trophy ń jáde nílé ìpọntí tó wà nílùú Iléṣà yìí. Owó orí ọjà tó wà lórí rẹ̀ ń wọ àpò àjùmọ̀ní, Kánò ń gba ìpín tirẹ̀ nínú àpò yẹn lóṣooṣù, àwọn Hisbah, ọlọ́pàá Ṣàríà Kánò, sì ń fi katakata tẹ ìgò ọtí fọ́ níta gbangba. Ìṣirò gidi wà níbẹ̀ fún ẹni tó bá fẹ́ ṣe é.

Kí ẹ má rò pé òun nìkan ni. Lórí bẹ́ǹṣì kan náà, lápá òsì, Alhaji kan wà tí òun náà ní bíró. Òṣùpá tirẹ̀ gún régé, ó tilẹ̀ ń fi ìràwọ̀ sínú rẹ̀; àgbélébùú rẹ̀ ló máa ń wọ́, bí igi ọgbà tí ewúrẹ́ fara nù. Olóyè ní, "Àwa la pọ̀ jù." Alhaji ní, "Irọ́, àwa ni." Olóyè á fi ìsọjí Òkè-Oòyè nílùú Iléṣà yìí ṣẹ̀rí: ìlú tí Joseph Ayọ̀ Babalọlá ti wàásù lọ́dún 1930, tí èrò wọ́ wá bí omi, ṣé kọmíṣánnà Onígbàgbọ́ kan péré ló tọ́ sí wọn níbẹ̀? Ẹ ó rò pé ìwé ìwáṣẹ́ ni àwọn ìyá ìyá wa lọ kọ ní Òkè-Oòyè. Alhaji á ní kó lọ ka Ìwó, kó lọ ka Ẹdẹ. Ta ló tọ̀nà? Ìkànìyàn tí Nàìjíríà ti béèrè ẹ̀sìn lọ́wọ́ ènìyàn kẹ́yìn ni ti 1963. Ti 1991 kò béèrè, ti 2006 kò béèrè, nítorí ojú ti rí ohun tí irú iye bẹ́ẹ̀ ń dá sílẹ̀. Ọjọ́ 27 oṣù kẹjọ 1991 ni wọ́n dá Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun sílẹ̀, ìkànìyàn kankan kò sì tíì ka Mùsùlùmí tàbí Onígbàgbọ́ inú rẹ̀ láti ìgbà náà. Ìjọba gan-an fi bíró sílẹ̀. Àwọn méjì yìí ló he é.

Ẹ rántí ọdún 2016. Lọ́jọ́ 3 oṣù kẹfà, Adájọ́ Jide Falola ti ilé ẹjọ́ gíga Ọ̀ṣun dájọ́ pé àwọn ọmọbìnrin Mùsùlùmí lè máa lo híjáàbù níléèwé ìjọba. Kò pẹ́ sígbà náà ni àwọn ọmọ kan wọ aṣọ akọrin ṣọ́ọ̀ṣì lọ sí kíláàsì ní Baptist High School, Ìwó, tí fọ́tò wọn kárí ayé. Bẹ́ǹṣì Òkèsà gbóná janjan. Olóyè ń ka aṣọ akọrin, Alhaji ń ka híjáàbù. Ní oṣù yẹn kan náà, òṣìṣẹ́ ìjọba Ọ̀ṣun tó wà ní ipele 12 sókè ń gba ààbọ̀ owó oṣù, àwọn ti ipele 8 sí 10 ń gba ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin. Tíṣà àgbà tó dúró síwájú ọmọ oníhíjáàbù àti ọmọ aláṣọ-akọrin, ààbọ̀ ló gbà. Ààbọ̀ Mùsùlùmí àti ààbọ̀ Onígbàgbọ́ ò sì fi kọ́bọ̀ kan ju ara wọn lọ. Ìdọ́gba tí Olóyè ti ń wá láti ọjọ́ yìí nìyẹn o, ó dé wẹ́rẹ́, kò yọ bíró.

Ìṣirò rẹ̀ a sì máa gbàgbé. Abíọ́lá àti Kingibe tí wọ́n jọ díje ìbò ààrẹ, Mùsùlùmí méjì ni wọ́n lọ́dún 1993. Òun fúnra rẹ̀ tò sórí ìlà lọ́jọ́ 12 oṣù kẹfà, ó sì ń fi ṣe fáàrí dòní. Tinubu àti Shettima, Mùsùlùmí méjì ni wọ́n lọ́dún 2023. Ó ní ayé ti bàjẹ́. (Pásítọ̀ ni ìyàwó Tinubu, ní ìjọ Ìràpadà. Olóyè kò tíì mọ àmì tí yóò ya sí ilé yẹn.) Nígbà tí wọ́n ka ìbò ààrẹ ní Ọ̀ṣun tán, Atiku ló gbégbá orókè, Tinubu ṣe ìkejì. Òṣùpá, òṣùpá. N kò rí Olóyè lórí bẹ́ǹṣì lọ́sẹ̀ yẹn.

Ohun tó ń dùn mí jù ni pé Ìjẹ̀ṣà ni. Ìjẹ̀ṣà mọ ìṣirò! Àwọn bàbá wa òṣómàálò ru aṣọ dé ìlú tí wọn kò ti mọ ẹnì kan, wọ́n tà á láwìn, wọ́n sì mọ ẹni tó jẹ wọ́n àti iye tó jẹ. Bí ọjọ́ bá pé, wọ́n á lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà onígbèsè, ẹ gbé àga fún wọn, wọn ò ní jókòó, ẹ gbé oúnjẹ, wọn ò ní jẹ, àfi owó. Wọn kì í bi onígbèsè bóyá inú pósí ni wọ́n gbé ìyá rẹ̀ sí. Ká ní ọ̀kan nínú wọn jí lónìí, kó gbọ́ iye tó ń wọ àpò ìjọba ìbílẹ̀ lóṣooṣù, kó sì wo gọ́tà iwájú ilé rẹ̀, ẹnu ọ̀nà sẹkitéríàtì ni ì bá lọ lóṣòó sí títí ilẹ̀ á fi ṣú. Ọmọ rẹ̀ rèé lórí bẹ́ǹṣì.

Àmì kẹta kò sí nínú bíró rẹ̀. Mo bi í lọ́jọ́ kan pé, "Olóyè, àwọn oníṣẹ̀ṣe ńkọ́?" Ó wò mí bí ẹni pé mo ní kí wọ́n fi ewúrẹ́ ṣe kọmíṣánnà. Nínú ìpínlẹ̀ tó ń jẹ́ orúkọ Ọ̀ṣun, tí UNESCO kọ igbó Ọ̀ṣun rẹ̀ mọ́ ogún àjọní ayé lọ́dún 2005. Bí Ọwá Obòkun, ọba wa, bá sì jáde lọ́jọ́ ọdún Ìwúde, iwájú ni Olóyè máa ń wà, tí yóò máa jó, tí agbádá ẹtù á máa gbálẹ̀. Kì í kà lọ́jọ́ yẹn.

Wàyí o, lẹ́tà yẹn. Gàníyù ni wọ́n sọ ọ́. Nígbà tó fẹ́ ọmọ ìjọ Mẹ́tọ́díìsì, ó ṣèrìbọmi, ó di Gideon. Nígbà tí gómìnà Mùsùlùmí kan wà lórí àlééfà, àwọn kan rí i ní yídì, ní ìlà kejì sí iwájú, Gàníyù ló ń jẹ́. Ìjọba yí padà, Gideon padà dé. Káàdì rẹ̀ kò yí. Ọlọ́gbọ́n ni, kò náwó ìtẹ̀wé lẹ́ẹ̀mejì.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, orúkọ àwọn ọmọ ìgbìmọ̀ iléeṣẹ́ kan jáde. Ó ti gbọ́ pé òun wà níbẹ̀, nítorí ó ra ìwé ìròyìn lọ́jọ́ náà. Méjì ló rà. Ó na ọ̀kan sí Alhaji, ó fẹ̀yìn ti ògiri. Alhaji yọ bíró, ó ń bọ̀ láti òkè: òṣùpá, àgbélébùú, òṣùpá, òṣùpá, àgbélébùú. Ó dé orí orúkọ kẹjọ. Bíró dúró lókè. Alhaji wo Olóyè, Olóyè wo títì. Ọ̀kadà kan kọjá. Oníwèé dẹ́kun ṣéńjì tó ń kà.

"Olóyè," Alhaji pè é, jẹ́jẹ́, "ẹ dákun, màmá yín, inú pósí ni wọ́n gbé wọn sí ni, àbí aṣọ funfun ni wọ́n fi wé wọn?"