Ó Wà ní Sókótó, Wọ́n Ń Wá A Lápò Ṣòkòtò

Àwọn àgbà ní ohun tí à ń wá lọ sí Sókótó, inú àpò ṣòkòtò ló wà. Nígbà tí wọ́n ń pa á lówe, ibẹ̀ ni òpin ayé lójú wọn: bàtà á já, ẹsẹ̀ á wú, nígbà tí èèyàn bá fi máa débẹ̀, á ti gbàgbé ohun tó ń wá. Ẹni tí wọn ò rò mọ́ ọn ni ọmọ Yorùbá tó kọ́lé sí Sókótó gan-an. Níbo ni kí òun lọ wá nǹkan tirẹ̀?

Alájì kan, ọmọ Ọ̀yọ́ tí wọ́n ti ń ta pátì mọ́tò níbẹ̀ tipẹ́, ló fi ìdáhùn hàn mí. Wọ́n ki ọwọ́ bọ àpò ṣòkòtò, wọ́n yọ fóònù. "Àbúrò, wo ilé àwọn èèyàn." Ilé kan ní Amẹ́ríkà ni. Pákó tẹ́ rẹrẹ ní ẹ̀yìnkùlé, àga wà lórí ẹ̀, obìnrin òyìnbó kan ń rẹ́rìn-ín. Dẹ́ẹ̀kì ló ń jẹ́. Alájì fẹ́ ẹ. Ohun tó kù ni irú pákó tí wọ́n máa rà: ṣé kọ̀ǹpósíìtì ni àbí PVC?

Kọ̀ǹpósíìtì, lẹ́búlẹ́bú igi tí wọ́n pò mọ́ ike ni, títí kan ọ̀rá àlòkù. Ó wúwo, ó sì fojú jọ igi. PVC ní tirẹ̀, ike pọ́ńbélé ni, ọmọ ìyá páìpù omi. Kò ní igi nínú, omi kì í wọ inú ẹ̀, ó sì fúyẹ́. Òjò àti yìnyín tó ń ba pákó gidi jẹ́ lọ́hùn-ún ló jẹ́ kí òyìnbó ronú kan méjèèjì. Kíkùn lóòrèkóòrè ti sú wọn.

"Èwo ni ò ní jẹrà?" ni Alájì bi mí. Ní Sókótó! Ìlú tí òjò rẹ̀ lọ́dún ò tó ìdajì ti Èkó, tó sì jẹ́ pé láàárín oṣù kẹfà sí ìkẹsàn-án ni ó máa ń fẹ́rẹ̀ẹ́ rọ̀ tán. Mo ní, "Alájì, ẹ má da ara yín láàmú nítorí omi. Oòrùn ni kí ẹ bẹ̀rù." Ní oṣù kẹta àti ìkẹrin, ooru a máa kọjá 40 lórí òṣùwọ̀n Celsius, lábẹ́ ibòòji ni wọ́n sì ti ń wọ̀n ọ́n. Ike tó bá gbóná a máa nà. Pákó PVC gígùn mítà 4, tí ọyẹ́ bá a lóru tí oòrùn wá bá a lọ́sàn-án, lè fi nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà kan gùn sí i. Bí káfíńtà ò bá fi àlàfo sílẹ̀ fún un, pákó á máa ti pákó, wọ́n á yọ ikùn sókè bí ẹni tó jẹ iyán lẹ́ẹ̀mejì. Kọ̀ǹpósíìtì kì í sábà nà tó bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n tó bá ti gba ooru sára, kì í tètè fi í sílẹ̀. Ìlú tí èèyàn ti ń bọ́ bàtà kírun lẹ́ẹ̀marùn-ún lójúmọ́ ni a fẹ́ tẹ́ agbada sí yìí. Agbada àkàrà ni mò ń wí o, kì í ṣe agbádá.

Bẹ́ẹ̀, ọdún 1809 ni Muhammadu Bello tẹ Sókótó dó, ìgbà tí ẹnikẹ́ni ò tíì mọ ike. Ibi ìgbatẹ́gùn ò sì wọ́n àwọn Hausa. Dakali ni wọ́n ń pè é: pèpéle amọ̀ tí wọ́n mọ mọ́ ara ògiri níta ilé, níbi tí ibòòji máa ń yà sí nírọ̀lẹ́. Irú pèpéle yẹn kan náà ni bàbá Alájì ń jókòó lé ta ayò ní Ọ̀yọ́. Bó bá jẹ́ igi ló ń wù wọ́n, azara wà ńbẹ̀, igi giginya tí àwọn Hausa ń là fi gbé òrùlé amọ̀ ró. Ikán á wò ó títí, á kọjá lọ.

Sókótó ti rí irú ẹ̀ rí, ṣá, kí wọ́n máa ka ohun ilé sí ti òkèèrè. Awọ ewúrẹ́ pupa tibẹ̀ gba aṣálẹ̀ kọjá dé Mòrókò, òyìnbó rà á níbẹ̀, ó ní awọ Mòrókò ni. Orúkọ yẹn ló ń jẹ́ títí dòní.

Alájì mú PVC. Tírélà gbé e wá láti Èkó.

Mo padà lọ kí wọn ní oṣù kẹrin. Nǹkan bí aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, wọ́n jáde tiyá-tiyá, ife tíì lọ́wọ́, sílípáàsì lẹ́sẹ̀. Wọ́n fi orí ìka ẹsẹ̀ gba orí dẹ́ẹ̀kì kọjá bí ẹni tó ń yọ́ wọlé olóńjẹ, wọ́n ṣí géètì, wọ́n sì lọ jókòó ti mẹ́gáàdì lórí dakali aládùúgbò, lábẹ́ igi dongoyaro. Atẹ́gùn ń fẹ́. Mẹ́gáàdì sún fún wọn.

Alájì mu tíì díẹ̀, wọ́n tún yọ fóònù lápò ṣòkòtò. Agbòòrùn ńlá kan tí wọ́n ń tà ní Dubai, tó lè fún dẹ́ẹ̀kì ní ibòòji, ni wọ́n ń wá.