Ọmọdé Tí Ó Ní Àkísà Ju Àgbà Lọ

Bí ọmọdé bá ní aṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Òwe yìí wà lára èyí tí ẹnikẹ́ni kì í sábà bá àwọn Yorùbá jiyàn lé lórí, nítorí pé owó lè ra aṣọ tuntun lóòjọ́, ṣùgbọ́n ọdún ni ó ń sọ aṣọ di àkísà, kò sì sí ọjà tí a ti ń ra ọdún. Àmọ́ àwọn tí ó pa òwe náà kò rí ẹ̀rọ ìfọṣọ rí, wọn kò sì ronú pé ìgbà kan ń bọ̀ tí ọ̀dọ́ yóò ra agbádá sányán ní ọjọ́ Ẹtì, tí yóò wọ̀ ọ́ lọ sí òde ìgbéyàwó ní ọjọ́ Àbámẹ́ta, tí yóò sì ti ní ojúlówó àkísà kí ilẹ̀ ọjọ́ Ajé tó ṣú.

Sányán, tí a ń kì ní bàbá aṣọ, ni aṣọ òfì tí a fi òwú kòkòrò hun. Kòkòrò náà, tí àwọn onímọ̀ ń pè ní Anaphe, máa ń fi òwú ara rẹ̀ kọ́ ilé sórí igi, àwọn obìnrin a sì se ilé náà nínú omi eérú kí wọ́n tó ran án di fọ́nrán. Purotéènì ni òwú yìí, ibẹ̀ gan-an sì ni ọ̀rọ̀ wà. Ọ̀pọ̀ ọṣẹ ẹlẹ́bú òde òní, tí gbogbo ọjà ń pè ní ómò láìka orúkọ tí ó wà lára páálí rẹ̀ sí, ni wọ́n fi protease sí, ìyẹn èròjà tí ń gé purotéènì sí wẹ́wẹ́ kí àbàwọ́n ẹ̀jẹ̀, ẹyin tàbí wàrà lè ṣí. Protease kò mọ sányán yàtọ̀ sí àbàwọ́n ẹyin. Purotéènì tí ó bá bá nínú omi ni ó ń jẹ. Jíìkì, omi tí a fi ń mú aṣọ funfun, tún burú jù bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí pé sodium hypochlorite inú rẹ̀ lè yọ́ òwú kòkòrò bí ó bá pẹ́ nínú rẹ̀, nítorí náà ẹni tí ó bu jíìkì sí sányán kí ó lè mọ́ tónítóní kò fọ aṣọ, ó sin ín ni.

Iṣẹ́ abẹ́rẹ́ ní ìyà tirẹ̀. Ọnà tí ó wà ní àyà agbádá, irú èyí tí àwọn Hausa ń pè ní aska takwas, ọ̀bẹ mẹ́jọ, nítorí àwọn ìlà rẹ̀ tí ó ṣe ṣóńṣó, kì í ṣe àwòrán tí a tẹ̀ mọ́ aṣọ. Òwú tí ó yọ síta ni, tí síìpù ṣòkòtò inú ẹ̀rọ kan náà sì lè kọ́. Nígbà tí ẹ̀rọ bá wá ń yípo ní ìgbà 1,200 láàrin ìṣẹ́jú kan láti gbọn omi dànù, òwú kan ṣoṣo tí ó fà lè mú gbogbo àyà agbádá hunjọ bí iwájú orí arúgbó, tí ọ̀dọ́ yóò fi ní ìhunjọ àgbà mọ́ àkísà rẹ̀.

Léèsì náà kò bọ́. Láti nǹkan bí ọdún 1960 sókè ni àwọn oníṣẹ́ ọnà ìlú Lustenau, ní orílẹ̀-èdè Austria, ti ń fi léèsì ránṣẹ́ sí Nàìjíríà. Bí okùn dídán bá wà lára irú aṣọ bẹ́ẹ̀ lónìí, ike tẹ́ẹ́rẹ́ tí a fi alumíníọ̀mù bò ni ó sábà máa ń jẹ́, kì í ṣe wúrà, áyọ́ọ̀nù gbígbóná sì ń yọ́ ike.

Bẹ́ẹ̀ sì ni ìtọ́jú agbádá kò nira. Bùbá ni ó ń gba òógùn, agbádá kì í sábà kan ara, nítorí náà afẹ́fẹ́ ni ó nílò ju omi lọ. Bí fífọ̀ bá di dandan, kí a kọ́kọ́ fi aṣọ funfun tí ó tutù ra òwú ọnà náà wò bóyá àwọ̀ rẹ̀ ń ṣí, kí a yí inú aṣọ síta, kí a fi ọwọ́ rọra tẹ̀ ẹ́ nínú omi tútù àti ọṣẹ tí kò le, kí a má fún un, kí a fi táwẹ́ẹ̀lì gba omi ara rẹ̀, kí a sá a sí ibi òjìji. Ẹ̀yìn ọnà ni a sì ń lọ̀, pẹ̀lú táwẹ́ẹ̀lì lábẹ́ rẹ̀, kí ọnà má baà tẹ́ pẹrẹsẹ.

Ẹni tí èyí bá ti pọ̀ jù fún a di sányán mọ́ aṣọ ìbùsùn nínú ọ̀rá kan náà, a sì gbé e fún alágbàfọ̀ láìsọ ohun tí ó wà nínú rẹ̀. Bí aṣọ bá bàjẹ́ tán, alágbàfọ̀ ni yóò kọ́kọ́ jẹ̀bi, lẹ́yìn rẹ̀ ni télọ̀, lẹ́yìn télọ̀ ni ahunṣọ Ìsẹ́yìn tí ẹnì kankan nínú wọn kò rí rí. Ní ti ẹni tí ó fọ tirẹ̀ nílé, ẹjọ́ náà kì í dé ọ̀dọ̀ ẹ̀rọ ìfọṣọ láé, nítorí pé owó gọbọi ni wọ́n fi rà á, gbèsè rẹ̀ kò sì tíì tán.