Ọ̀gá Atukọ̀ Dé Ẹnubodè

Kò sẹ́ni tí kì í dá Ọ̀gá Atukọ̀ mọ̀ ní etíkun gúúsù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ó ti fẹ̀yìntì, owó ìfẹ̀yìntì rẹ̀ sì ń wọlé déédéé. Oòrùn ti sọ imú rẹ̀ di pupa, ṣòkòtò rẹ̀ náà pupa, kì í sì í wọ ìbọ̀sẹ̀. Ó ní ọkọ̀ ìgbafẹ́ alágbòkun kan, ó sì ní ìtàn méjì tó máa ń sọ ní ilé ẹgbẹ́ àwọn atukọ̀: ọ̀kan dá lórí ìjì, èkejì dá lórí òmìnira. “Lójú agbami,” yóò wí, “kò sí oníbodè.”

Tí ọtí bá ti ń wọra, ọ̀rọ̀ á yà sọ́dọ̀ àwọn tó ń fi ọkọ̀ rọ́bà sọdá láti agbègbè Calais ní ilẹ̀ Faransé wá sí Kent ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ọ̀gá Atukọ̀ kì í ṣe ìkà èèyàn o. Ohun tó ń wá kò ju pé kí wọ́n tẹ̀lé ìlànà lọ. “Ṣé èèyàn á kàn wọ ọkọ̀ kékeré, á gúnlẹ̀ sí etíkun onílẹ̀, á ní òun dé?” Irú èrò yìí náà ló mú kó dìbò lọ́dún 2016 pé kí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì jáde kúrò nínú Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù.

Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn dé, Ọ̀gá Atukọ̀ wọ ọkọ̀ kékeré, ó dorí kọ Cherbourg ní ilẹ̀ Faransé. Láyé àtijọ́, tó bá ti so okùn ọkọ̀ mọ́lẹ̀, ilé oúnjẹ ló kàn. Láti ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 2021, ayé ti yí nítorí ìjáde yẹn. Kì í ṣe gbogbo èbúté ló lè wọ̀ mọ́, àfi èyí tó ní oníbodè. Ó gbọ́dọ̀ fi fọ́ọ̀mù ránṣẹ́ ṣáájú: orúkọ gbogbo èrò ọkọ̀, nọ́ńbà pásípọ́ọ̀tù, àti aago tí wọ́n máa dé. Aago! Ọkọ̀ tí afẹ́fẹ́ ń tì, ta ló bá afẹ́fẹ́ ṣàdéhùn?

Bí wọ́n ṣe ń sún mọ́ etíkun, ó ta àsíá pupa rúsúrúsú—rárá, ojú rẹ̀ ló pọ́n bẹ́ẹ̀ nítorí ìtìjú; aláwọ̀ ìyeyè ni àsíá náà. Ohun tí àsíá ọ̀hún ń wí ni pé ara àwọn inú ọkọ̀ le, wọ́n sì ń tọrọ ìyọ̀ǹda láti wọlé. Ọkùnrin tí kò tọrọ nǹkan lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni láti ọjọ́ pípẹ́ ló wá ta ẹ̀bẹ̀ sókè lójú gbogbo ayé. Nísàlẹ̀, ìyàwó rẹ̀ ń pín búrẹ́dì ẹran ẹlẹ́dẹ̀ àti wàràkàṣì tó kù fún gbogbo èrò ọkọ̀, ó ní kí wọ́n tètè gbé e mì, torí ẹran àti wàrà láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti di ẹrù òfin.

Ní ọ́fíìsì oníbodè, ọmọbìnrin kan ló jókòó sídìí òǹtẹ̀, kò lè ju ọmọ ọmọ rẹ̀ lọ. Ọ̀gá Atukọ̀ kí i ní Gẹ̀ẹ́sì, nígbà tí kò fèsì, ó tún fi Gẹ̀ẹ́sì kan náà kí i pẹ̀lú ohùn òkè. Ọmọbìnrin náà ń ṣí ìwé ìrìnnà lójúewé-lójúewé, ó ń ka ọjọ́. Ọjọ́ 90 péré ni òfin fún un láàárín ọjọ́ 180. Ibi tó ti dùn ún jù ni pé ọkọ̀ rẹ̀ lè dúró fún oṣù 18 láìsan owó orí. Ọkọ̀ di àlejò pàtàkì, ẹni tó ni ín ni wọ́n ń ka ọjọ́ fún. Láti oṣù kẹwàá ọdún 2025, Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù tún ti bẹ̀rẹ̀ sí í gba ìtẹ̀ka àti fọ́tò irú àwọn àlejò bẹ́ẹ̀. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ń tẹ̀ka nítorí físà láti ọjọ́ tó ti pẹ́, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má rẹ́rìn-ín. Ẹni tó da eérú ni eérú ń tọ̀.

Ọjọ́ tó ń padà sílé, àsíá ìyeyè kan náà ló tún ta nígbà tó wọ máìlì òkun 12 ilẹ̀ baba rẹ̀. Kó tó kúrò ní Faransé pàápàá, ó ti ní láti fi tó ìjọba tirẹ̀ létí pé òun ń bọ̀ nílé.

Ní ilé ẹgbẹ́, ó ròyìn ìyà tó jẹ ẹ́. Ó ní àwọn Faransé ti tilẹ̀kùn mọ́ aládùúgbò wọn. Ọmọkùnrin tó ń bu ọtí béèrè pẹ̀lẹ́tù pé, “Ọ̀gá, ṣé kì í ṣe ẹ̀yin lẹ dìbò pé kí wọ́n tì í?”

Ọ̀gá Atukọ̀ gbé ife sílẹ̀. “A dìbò pé kí wọ́n tì í mọ́ àwọn tó fẹ́ wọlé,” ó wí. “Ta ló ní kí wọ́n tì í mọ́ àwa tá a fẹ́ jáde?”