Ìpáàrà Olówó Gọbọi

Àwọn àgbà ní ohun a ní là á náání, ọmọ aṣẹ́gità a sì máa náání èpo igi. Ṣùgbọ́n àgbà tí ó pa òwe yìí kò tíì dé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, nítorí bí ó bá ti débẹ̀ ni, ì bá rí àgbàlagbà olóye tí ó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ọba, tí ó wọ ṣọ́ọ̀bù lọ, tí ó ka owó gidi kalẹ̀, tí ó sì ra eruku inú ìgò tí kò ga ju àtàǹpàkò lọ. Eruku ni mo wí, n kò pe é ní àtíkè. Ìgò ti eruku aṣálẹ̀ ọ̀tọ̀, ti ẹrẹ̀ gbígbẹ ọ̀tọ̀, ti ìpáàrà ara irin sì ni olórí gbogbo wọn. Ìwé Mímọ́ kìlọ̀ fún wa pé kí a má to ìṣúra jọ síbi tí ìpáàrà ti lè bà á jẹ́. Àwọn tí ó gbé Ìwé náà wá fún wa ti wá sọ ìpáàrà fúnra rẹ̀ di ìṣúra.

Ohun tí wọ́n ń rà á fún ni kí wọ́n lè fi pa àwòṣe hángà lára kí ó dà bí ògbólógbòó, ìyẹn ilé gàgàrà tí a ń kó ọkọ̀ òfurufú sí fún ìtọ́jú àti àtúnṣe, tí wọn yóò kọ́ ní kékeré sórí pátákó, ti òun ti ọkọ̀ inú rẹ̀, àkàbà, àgbá epo, àti mẹkáníìkì tí ó ti orí bọ abẹ́ ẹ́ńjìnnì. Láti ìgbà tí ilé iṣẹ́ Airfix ti gbé àwòṣe ọkọ̀ òfurufú Spitfire oníke jáde láàárín àwọn ọdún 1950 ni ọ̀pọ̀ ọmọkùnrin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti ń fi gúlúù lẹ ìyẹ́ mọ́ ìhà ọkọ̀, tí wọ́n sì hewú lé e lórí láìjáwọ́. Ní oṣù kọkànlá ọdọọdún ni wọ́n ń péjọ sí ìlú Telford fún ìpàtẹ àwòṣe, tí àwọn baba arúgbó yóò bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ bí ẹni ń kí ọba, tí wọn yóò máa tan tọ́ọ̀ṣì yẹ abẹ́ ikùn ọkọ̀ wò.

Èmi náà, ọmọ Ẹdẹ Màpó Àrógun, ọmọ Tìmì Àgbàlé ọlọ́fà iná, ẹni tí ohun tí ń fò lójú ọ̀run kò ṣàjèjì sí láti ayébáyé, ewé mi ti pẹ́ lára ọṣẹ ní Lọ́ńdọ̀nù, ó ti di ọṣẹ. Hángà tí mo yàn láti kọ́ ni irú èyí tí ilé iṣẹ́ ọkọ̀ òfurufú Nigeria Airways ń lò nígbà kan rí ní Ìkẹjà, ọkọ̀ inú rẹ̀ sì ni DC-10 aláwọ̀ ewé àti funfun. Ìwọ̀n rẹ̀ jẹ́ ìdá kan nínú 144: ọkọ̀ tí ó gùn ní mítà 55 di sẹ̀ǹtímítà 38, ọkùnrin tí ó ga ní ẹsẹ̀ bàtà 6 di ìdajì íǹṣì, tó bẹ́ẹ̀ tí alága ẹgbẹ́ ọmọ ìbílẹ̀ wa, tòun ti agbádá ńlá tí í gba àga méjì, yóò jókòó sórí hóró ẹ̀wà kan tí ààyè yóò sì ṣẹ́ kù. Ohun gbogbo ni ó ń kéré níbẹ̀, àfi owó tí a fi ń rà á. Mo fi ọwọ́ ara mi kun àmì erin tí ń fò sí i lára. Nínú 446 DC-10 tí wọ́n ṣe láyé, Nigeria Airways ni ó gba èyí tí ó kẹ́yìn lọ́dún 1989. Nígbà tí yóò fi di 2003, ilé iṣẹ́ náà ti kógbá sílé. Òótọ́ ni pé àjànàkú kọjá mo rí nǹkan fìrí, ṣùgbọ́n erin tiwa yìí, fìrí náà ni a rí i.

Ní Ẹdẹ, ọmọdé ni í ṣe irú iṣẹ́ yìí, ọ̀fẹ́ sì ni. Agolo mílíìkì ni ara ọkọ̀, sílípáàsì tí ó já ni táyà, bí oúnjẹ alẹ́ bá sì ti délẹ̀, awakọ̀ a sá fi ọkọ̀ sílẹ̀ láàárín títì. Nítorí náà, nígbà tí bàbá mi kékeré gbọ́ pé mo ń fi ike kọ́ ilé ọkọ̀ òfurufú, ohùn wọn yí padà lórí fóònù.

"Ṣé ara rẹ yá ṣá? Ilé tí o kò tíì kọ́ sí Òkè-Gadà ńkọ́?"

Mo ní kí wọ́n má bínú. Mo rán wọn létí pé Tìmì Láoyè, tí ó jọba Ẹdẹ láti 1946 títí di 1975, kò ka ìlù lílù sí ohun tí ó rẹlẹ̀ sí adé, ọwọ́ ara wọn ni wọ́n fi ń lu dùndún.

Bàbá dákẹ́ díẹ̀. "Nígbà tí Kábíyèsí bá lu tiwọn, gbogbo ìlú ni ó ń jó. Ta ni ó ń jó sí tìrẹ?"

N kò rí èsì fún wọn, ṣùgbọ́n mo fi ọ̀kan tu ara mi nínú: hángà tèmi ní ọkọ̀ nínú. Pápá ọkọ̀ òfurufú Ìdó-Ọ̀ṣun, aládùúgbò wa, ti wà láti ayé amúnisìn. A ti fi orúkọ olóògbé M.K.O. Abíọ́lá sọ ọ́, a ti gbọ́ ìlérí ilé àtúnṣe ọkọ̀ níbẹ̀, àríyànjiyàn sì ti wáyé lórí bóyá Ìdó-Ọ̀ṣun ni pápá yóò wà tàbí Ẹdẹ, tí ìlú méjèèjì du ọkọ̀ tí kò tíì gbéra ní Èkó. Ní tèmi, ìyàwó mi nìkan ni ó ń bá mi du ilẹ̀, nítorí orí tábìlì oúnjẹ ni mo kọ́ ọ sí.

Òrùlé ni ó kù. Bébà fàdákà tí a fi ń wé ẹran sínú ààrò ni mo tẹ̀ mọ́ páálí tí ara rẹ̀ kọ ebè wínníwínní, títí ó fi di páànù. Ṣùgbọ́n ìpáàrà inú ìgò mọ́ jù, kò jọ èyí tí mo mọ̀. Ni mo bá ránṣẹ́ sí ẹ̀gbọ́n mi obìnrin pé kí wọ́n bá mi ya àwòrán òrùlé ilé bàbá wa, pàápàá ibi tí ó ti bàjẹ́ jù. Àwòrán dé kí ilẹ̀ tó ṣú, èyí tí ó kẹ́yìn nínú wọn sì ni ti káfíńtà tí ó dúró lórí àkàbà, tí ó na ìwé iye owó sí wa lójú. Nítorí ní ilé, ta ni yóò gbà pé ọmọ tí ó wà lókè òkun béèrè ìpáàrà, bí kò ṣe pé ó fẹ́ pààrọ̀ rẹ̀? Àdúrà tí wọ́n ti gbà fún mi pọ̀ débi pé òótọ́ kò ṣeé sọ mọ́. Mo san owó páànù, mo san ti pákó, mo san ti ìṣó. Ní òkèèrè, a ń náwó kí ohun tuntun lè dà bí ògbólógbòó. Nílé, a ń náwó kí ògbólógbòó lè dà bí tuntun. Àpò kan náà ni ó ń san méjèèjì.

Nígbà tí mo wo àwòrán náà kun ìpáàrà sára òrùlé, tí hángà sì parí, òyìnbó kan tí ó rí i béèrè orúkọ ilé iṣẹ́ tí ń ta irú ìpáàrà bẹ́ẹ̀. Mo ní ilé bàbá mi ni, wọn kò sì tà á mọ́. Mo fi àwòrán hángà náà ránṣẹ́ sí ẹ̀gbọ́n mi, wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò tinútẹ̀yìn, wọ́n ní, "Ó dára o, àbúrò mi. Ṣùgbọ́n ṣé ilé tí ò ń kọ́ yìí kò nílò ògiri tí ó lanu ni? Tiwa ti lanu dáadáa. Jẹ́ kí n yà á ránṣẹ́ sí ọ."